Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọjọ́ Ọ̀la Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí kò tíì délé ayé tán. Ìwé ìtàn àròsọ ni, èyí tí àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ yìí ń kọ lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́. Irú ìtàn tí àwọn Faransé ń pè ní science-fiction ni: ìtàn nípa ohun tí ìmọ̀ àti ẹ̀rọ lè sọ ayé dà lọ́jọ́ iwájú. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2150. Omi ọ̀sà ti gba àdúgbò ìsàlẹ̀ ìlú, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ lọ sọ́jà, ẹ̀rọ kan sì wà tí ó ń dá gbogbo ará ìlú lóhùn ní èdè yòówù tí wọ́n bá fi bi í léèrè.

Nígbà tí a ka orí kìíní ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ kí a tó ṣí ojú ewé kẹrin. Ẹnìkan dìde, ó ní kí ni a ń da ara wa láàmú sí? Ó ní èdè tí a fi kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ ni kí a fi kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì. Kí a kọ ọ́ ní Faransé tán, kí a tó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ààyè bá wà. Ẹnìkejì, tí òun fẹ́ràn Yorùbá gidigidi, ta kò ó. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹsẹ̀ òdì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a yan ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n ṣẹ̀dá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìwé náà yóò lò, kí wọ́n tò wọ́n ní a-b-d, kí a tó fi gbólóhùn kan kún èyí tí ó wà nílẹ̀.

A bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. A kò gbà fún ọ̀kankan nínú wọn. Lójú tiwa, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí oníkálukú gbà débẹ̀. Àwọn méjèèjì rò pé orúkọ jẹ́ ohun tí a ń lọ gbé wá láti ibòmíràn, yálà láti Paris tàbí láti orí tábìlì ìgbìmọ̀, kí a tó wá fi lé ìtàn lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé inú ìtàn gan-an ni orúkọ ti ń wá, àti pé bí a bá ṣe to àwọn orí ìwé tẹ̀ lé ara wọn ni yóò sọ bóyá orúkọ náà yóò yè tàbí yóò kú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn. Ta ló sọ pé Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò sí rí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀. Igi tí a gbẹ́ ni ọkọ̀, èyí tí àwọn baba wa ń tù lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Nígbà tí irin dé tí ó ń sáré lórí ilẹ̀, wọ́n yá rélùwéè lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún pè é ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mọ́tò dé, ó di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí èyí tí ń fò dé, ó di ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba orí omi, ó gba orí ilẹ̀, ó gba ojú sánmà, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún wo asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí a fún rédíò. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàlàyé wáyà, kò ṣàlàyé bátìrì. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ: nǹkan kan jókòó sínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọba, kò sì retí kí ẹnikẹ́ni dá òun lóhùn. Orúkọ ni, ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀sùn sì ni pẹ̀lú. Àwọn àgbà wo ojú sánmà lálẹ́, wọ́n rí ìràwọ̀ tí ń bá òṣùpá rìn, wọ́n pè é ní àgùàlà, wọ́n sì ní ajá òṣùpá ni. Nígbà tí Nàìjíríà fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ohun tí a ṣe kí ó máa yí ayé po ni. Nínú ìwé wa, ajá ayé ni àwọn apẹja ń pe irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i tí ó ń kọjá lórí omi lóru. A kò dá ọgbọ́n kankan. A kàn tẹ̀ lé ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú ti là sílẹ̀ ni.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìwọ̀nyí, ẹ jáde sí ìgboro. Tòkunbọ̀ ni a ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Lónìí ní Nàìjíríà, orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, irú èyí tí ń gba èbúté Cotonou wọlé lójoojúmọ́. Zémìjàn, tí a fi ń pe alùpùpù akérò jákèjádò ilẹ̀ Benin, inú èdè Fọ̀n ni ó ti wá: gbé mi kíákíá. Kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé láti Nàìjíríà kọjá ẹnubodè, tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ Gùn ni: kì í ṣe ojúlówó. Ìjọba kọ́ ló sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ, yunifásítì kọ́. Àwọn tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ wọn ni.

Faransé tí a sì ń sá tọ̀ lọ yìí, báwo ni òun ṣe rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀? Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ IBM ní ilẹ̀ Faransé ń wá orúkọ tí wọn yóò fún ẹ̀rọ titun wọn. Wọ́n kọ̀wé sí Jacques Perret, olùkọ́ èdè Látìnì ní Sorbonne. Ordinateur ni ó mú wá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ìwé atúmọ̀ èdè Littré ní a máa ń lò fún Ọlọ́run tí ń ṣètò ayé. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n wo ilé wọn, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n gbé e dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ robot, tí gbogbo ayé ń lò. Inú eré oníṣe R.U.R. tí Karel Čapek tẹ̀ jáde ní 1920 ni ó ti wá. Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dábàá rẹ̀, láti inú robota, ọ̀rọ̀ àwọn Czech fún iṣẹ́ tí a ń fi tipátipá mú ènìyàn ṣe. Èdè Czech kì í ṣe èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé rẹ̀ kò dúró de èdè ńlá kí ó tó ronú nípa ọjọ́ iwájú, àwọn èdè ńlá ni ó wá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti pé kí a kọ ọ́ ní Faransé ná, ìtàn ìwé kíkọ nílẹ̀ wa ti fi ọ̀nà méjèèjì hàn wá nínú ọdún kan ṣoṣo. Ní 1938, Paul Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1890, tẹ Doguicimi jáde ní èdè Faransé, ìtàn nípa ààfin Àbómè. Ní 1938 kan náà, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Yorùbá. A kò ní kí ọ̀kan fi ẹsẹ̀ tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni Hazoumè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju ìyìn ẹnu wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: èwo nínú ìwé méjèèjì ni ìyá àgbà tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé rí lè jókòó tì, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa kà á sí i létí, kí òun náà máa dá sí i, kí ó máa ní 'irọ́ ni' tàbí 'bẹ́ẹ̀ gan-an ni'? Ìwé Fágúnwà kò sì torí Yorùbá sé mọ́lé. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ilé ni ó ti kọ́kọ́ jẹun yó kí ó tó rìnrìn àjò.

Lónìí, ọjọ́ iwájú ilẹ̀ wa ti ń di ìwé, èdè àlejò ni a sì fi ń kọ èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn. Tade Thompson kọ Rosewater ní Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ìlú kan ní Nàìjíríà lọ́jọ́ iwájú. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Abdourahman Waberi, ọmọ Djibouti, kọ Aux États-Unis d'Afrique ní Faransé ní 2006, níbi tí Áfíríkà ti di ọlọ́rọ̀, tí àwọn òyìnbó sì ń wá ibi ìsádi lọ́dọ̀ wa. A kí wọn kú iṣẹ́, a sì ti jèrè lára wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìtàn ọ̀la bá jẹ́ ti èdè ilé ẹ̀kọ́ nìkan, ohun tí a ń sọ fún ọmọ wa láìla ẹnu ni pé èdè ìyá rẹ̀ wà fún ìtàn àwọn tí ó ti kú, èdè àjòjì ni ó wà fún àwọn tí a kò tíì bí. Ohun tí à ń jà fún nìyí. Ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ ìwé kọ́ ni.

Ó wá ku ẹnìkejì, ọ̀rẹ́ wa tí ó fẹ́ ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ní ààyè tirẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní 1990, fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá láìyà bàrá. Kíláàsì nílò kí ọ̀rọ̀ dúró sójú kan, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má yẹ̀. Ìtàn àròsọ kò nílò bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀, ẹni náà sì lè jẹ́ ọmọdé, ó lè jẹ́ òpùrọ́, ó lè jẹ́ ẹni tí ń kánjú.

A mọ̀ nítorí pé a ti gbìyànjú rẹ̀. Kí a tó ka ohunkóhun sétí yín, àkọsílẹ̀ kan ti wà tí a kọ bí ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Lójú ewé kan ṣoṣo, ẹ̀rọ mọ́kànlá ni a kà: ẹ̀rọ amúmigbóná, ẹ̀rọ atọ́kàsọ́nà, ẹ̀rọ agbóhùnkalẹ̀, títí lọ. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà. Gírámà kò rí àléébù kan lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn kò gbà wọ́n. Ta ni ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán? Pátákó àti ìwé ìròyìn ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n ni. Orúkọ tí ó ṣàlàyé gbogbo ara ohun kan jẹ́ orúkọ tí ẹni tí kò ní ohun náà rí fún un. Ẹni tí ó ni ín, tí ó ń bá a jẹun, kì í ṣàlàyé rẹ̀. Ó ń pè é ni.

Àṣìṣe wa kejì burú ju ìyẹn lọ, òun ni ó sì kọ́ wa lọ́gbọ́n. A kọ ọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ wọ ọkọ̀, ó sì lọ sí ọ̀run. Bàbá kan tí wọ́n jókòó tì wá, tí wọ́n ń gbọ́ kíkà náà, ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, 'Ọ̀run rere o. Kí ni ó pa á?' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtìjú bò wá. Òfurufú ni ibi tí ẹyẹ àti bàálù ń fò. Ọ̀run ni ilé àwọn baba wa. Kí ni orúkọ ibi tí ó ti ré kọjá òfurufú, tí kò sì tíì dé ọ̀run? Faransé kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé espace kò jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni.

A pe ibẹ̀ ní Ẹ̀yìn-òfurufú. Ṣùgbọ́n a kò pa ọ̀run rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ní orí kẹsàn-án báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá bá ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wà ní Ẹ̀yìn-òfurufú, ara rẹ̀ le, yóò padà lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ìyá náà kọ orúkọ náà. Ó ní ibi tí ọmọ òun lọ tí ọbẹ̀ òun kò lè dé mọ́, tí òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí òun kò lè fọwọ́ kàn án, ọ̀run ni, kí wọ́n má pe òun ní òpè. Ìjà lórí orúkọ kan ni gbogbo orí kẹsàn-án. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni a fi kọ ọ́, orí náà kì bá tí sí. Bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ni ó ṣètò ọ̀rọ̀ fún wa, wọn ì bá ti yanjú ìjà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ó gbé wa dé ọ̀rọ̀ títo orí ìwé. Ní Yorùbá, orí ni a ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Chapitre tí àwọn Faransé ń pè é, inú Látìnì ni ó ti wá, capitulum, èyí tí í ṣe orí kékeré. Èdè méjèèjì tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí ni ó gbà pé orí ni ìwé ní. Ohun tí Yorùbá fi lé e ni pé orí ni ó ń yan ohun tí ẹni yóò jẹ́ láyé. A mú un lò bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ titun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orí tí a ti bí i, orí tí ó ti dàgbà, àti orí tí ó ti yí padà lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. A ti kọ́kọ́ to ìwé náà bí ẹ̀kọ́ kíláàsì: orí kìíní, bí omi ṣe kún, orí kejì, bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ, orí kẹta, bí ìjọba titun ṣe ń ṣiṣẹ́. Títí dé orí karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ gbèsè. Àwọn kan ní kí a gé orí mẹ́rin àkọ́kọ́ dànù. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àìsàn náà kò sí nínú gígùn ìwé, ó wà nínú ẹni tí ń sọ ìtàn: kò sí ẹni tí ń sọ ọ́.

A padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti ṣe é rí. Nígbà tí Isaac Thomas ń kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ó kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin kan tí ó wà lórí àìsàn ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Lẹ́tà kan parí, ara òǹkàwé ń wá òmíràn. Fágúnwà jẹ́ kí Àkàrà-oògùn wá bá òǹkọ̀wé, kí ó sọ ìtàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí èrò sì ti pọ̀ sí i tí ń dúró dè é. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ní 1969, mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí ó ti gbilẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó tipẹ́, ó sì sọ ọ́ di ọmọ ilé pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ayé ìtàn rẹ̀ tán kí ènìyàn tó wọ inú rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń mú wa wọlé.

Òfin tí a wá fi lélẹ̀ fún ara wa kò pọ̀. Orí kan kò gbọdọ̀ bí ju ọ̀rọ̀ titun méjì lọ. Ọ̀rọ̀ titun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde láti ẹnu ẹni tí ń lo ohun náà, kí ó máa fi ọwọ́ ṣe nǹkan pẹ̀lú rẹ̀ bí ó ti ń pè é. A kò ní fi Faransé sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò ní to ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Bí òǹkàwé kò bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ nígbà tí orí bá parí, orí náà ni kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí a tún un kọ.

Ẹ wo bí ó ti rí lára ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rọ tí ń dá ará ìlú lóhùn, orúkọ wo ni à bá fún un? Àwọn baba wa ti pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gba èsì, asọ̀rọ̀gbèsì ni. Ní orí kìíní, orúkọ náà hàn lórí pátákó ìjọba, ní gígùn, ní kíkún. Ní orí kẹta, àwọn ìyálọ́jà ní Ouando kò ní àkókò. Wọ́n gé e kúrú: 'Bi Gbèsì léèrè iye tí gàrí jẹ́ ní Sákété.' Ní orí kẹfà, ọ̀rọ̀ náà ti di èébú lẹ́nu àwọn ọmọdé; ẹni tí ó bá ń fèsì kí a tó bi í tán, wọ́n ní ẹnu gbèsì ni ó ní. Ní orí kejìlá, ìjọba pa etí ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ka àṣẹ fún ìlú láàárọ̀ àti lálẹ́, kò gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá arúgbó kan tí ó ti gbọ́ ìtàn rédíò lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní: 'Ó ti padà di asọ̀rọ̀mágbèsì.' Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ.

Ẹ sọ fún wa, ẹ̀yin tí ẹ ní kí a kọ ọ́ ní Faransé ná: inú ọ̀rọ̀ Faransé wo ni ìtàn yìí ì bá ti hù? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní a-b-d, ojú ewé wo ni ẹ ó kọ Gbèsì sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jẹ́ ní orí mẹ́rin? A kò kọ́kọ́ ní ìtàn kí a tó wá ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ni ó fún wa ní ìtàn, bí a sì ti to àwọn orí ni ó jẹ́ kí ó lè sọ ọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ̀sùn kàn wá láti apá kejì, pé a kò fọ Yorùbá wa mọ́ tó, nítorí pé àwọn ènìyàn inú ìwé wa ń pe tẹlifóònù ní portable, wọ́n sì ń sọ Gùn sínú Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàṣẹ́ rí. Ìlú tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, tí Gùn ń pè ní Hògbónù, tí àwọn Potogí pè ní Porto-Novo, èbúté titun, kò lè sọ èdè kan ṣoṣo ní 2150. Àlùbọ́sà àti àdúrà ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa. Ta ni ó ń pè wọ́n ní àlejò lónìí? Ohun tí a kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa yá ọ̀rọ̀ nítorí pé a kò kọ́kọ́ wo ilé.

Ìṣòro kan wà tí a kò ní fi pa mọ́. Ní ilẹ̀ Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa, tí ìgbìmọ̀ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1975, ní kí a kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ, kí a sì kọ kp níbi tí wọ́n ti ń kọ p. Ọ̀rọ̀ kan náà ń wọ aṣọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ẹnubodè. A kò lè yanjú ìyẹn nínú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ó fún wa ní òṣùwọ̀n kan tí ó wúlò: ọ̀rọ̀ titun tí kò bá yé etí, kí a má retí kí ojú gbà á là. Gbogbo orí tí a bá kọ ni a ń kà sókè fún ẹni tí kò rí ìwé náà, kí a tó pinnu pé ó parí.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa nìyí. Kí ìwé ìròyìn yìí máa tẹ orí kọ̀ọ̀kan jáde ní Yorùbá, kí Faransé máa tẹ̀ lé e, kí ó má ṣáájú rẹ̀. Kí àwọn tí ń túmọ̀ jẹ ìyà díẹ̀ lórí Gbèsì àti Ẹ̀yìn-òfurufú. Ìyà náà yóò dára fún Faransé wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní tiyín, ẹ má mú ìwé atúmọ̀ èdè wá fún wa. Ẹ lọ jókòó ti ìyá yín àgbà nígbà tí wọ́n bá ń lo fóònù, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é nígbà tí inú wọn dùn sí i, àti ohun tí wọ́n ń pè é nígbà tí ó bá kọ̀ tí kò dáhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá.

Ní ọjọ́ ìkómọjáde, bàbá ọmọ nìkan kọ́ ni ó ń sọmọ lórúkọ. Ìyá àgbà a sọ owó sínú àwo omi, a fún un ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n a sọ tirẹ̀. Aládùúgbò náà a sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tí ẹnu ará ilé bá mọ́ lára ni ọmọ yóò máa jẹ́. Ìwé wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí. Àwo omi wà nílẹ̀.